Orí Kẹfà: Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà, tàbí Iṣẹ́ Tí Ẹ̀kọ́ Ilé Àtijọ́ Ń Ṣe

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí agbo ilé kan lè gba ogún ìdílé, tí ojúlé kọjú sí ojúlé yí àgbàlá kan ká, kò sí àlejò tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe tí í ṣàdédé já wọ ilé onílé. Yóò dúró ní ìloro, yóò gbé ohùn sókè níwọ̀nba, yóò sì wí pé, "Àgò onílé o!" Lẹ́yìn náà ni yóò dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ni kí ẹ fi ọkàn sí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà: láàárín ìgbà tí àlejò pe àgò àti ìgbà tí ẹni tí ó wà nínú ilé dá a lóhùn pé "Àgò yà," ìyàwó ilé tí ó ń fún ọmọ lọ́mú ti rí àyè fa ìró bo àyà, baálé tí ó ń ka owó ẹyọ ti fi ẹní bò ó, tọkọtaya tí ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ti rẹ ohùn sílẹ̀, ẹni tí oúnjẹ kò tó fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá ti gbé abọ́ pamọ́ kí ojú má baà tì í. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sílébù méjì péré, ni ó ṣe gbogbo èyí, láìjẹ́ pé onílé ní láti ṣàlàyé ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kó ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ní Kúbà, láàárín àwọn olórìṣà tí ń lo èdè Lukumí, àti ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, nínú àwọn ilé Candomblé, wọ́n ṣì ń pe àgò láti tọrọ àyè títí di òní olónìí. Ẹlòmíràn nínú wọn lè ti gbàgbé orúkọ ìlú tí a ti kó baba ńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n àgò kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lè la irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ já.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹ̀rọ tí ó wà lápò olúkúlùkù wa. Kí ó tó di ọdún 2001, tí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í ta nọ́ńbà fún tolórí tẹlẹ́mù ní Nàìjíríà, ilé tí ó ní tẹlifóònù kò pọ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí ènìyàn ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìloro onítọ̀hún. Lónìí, ìloro ti wọ inú àpò ṣòkòtò. Olúkúlùkù ń gbé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ káàkiri, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní nọ́ńbà rẹ̀ lè tì í wọlé nígbàkígbà, yálà ó wà nídìí ìsìn, tàbí lẹ́bàá aláìsàn, tàbí nínú balùwẹ̀. Ẹni tí ó fi ìpè alámòóhùn-máwòrán pe àgbàlagbà láìkọ́kọ́ bèèrè bóyá àyè wà, onítọ̀hún ti já wọ yàrá. Kò sí orúkọ mìíràn tí a lè fún ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣókí ránṣẹ́ pé, "Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ìyá mi, Àjàní ọmọ yín ni; ìgbà wo ni kí n pè yín?" tí ó sì dákẹ́ títí èsì fi dé, ọmọ tí a kọ́ ni, ó pe àgò.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọmọkùnrin kan wà ní Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó jókòó, kí ó tó pé ọmọ ọdún 16, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da òfin ìwà 110 kọ sínú ìwé rẹ̀. Ìpilẹ̀ irú àwọn òfin bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn Jésúíìtì ilẹ̀ Faransé láti òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, kí wọ́n tó di èdè Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ nínú wọn yóò pa yín lẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n ń kọ́ ọmọ bí kò ti yẹ kí ó tutọ́ sínú iná àti bí kò ti yẹ kí ó pa iná orí lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn sọ pé kí ènìyàn má ṣe ka lẹ́tà tàbí ìwé láàárín ẹgbẹ́, bí ọ̀ràn bá sì di dandan, kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà níbẹ̀ ná. Ọmọ náà ni George Washington, ẹni tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà ní ọdún 1789. Ẹ yọ "lẹ́tà" kúrò nínú òfin yẹn, ẹ fi "fóònù" sí i, ẹ ó rí i pé ìmọ̀ràn náà bá wa gan-an níbi tí a gbé jẹun lálẹ́ àná, tí bàbá ń wo tirẹ̀, tí ìyá ń wo tirẹ̀, tí ọmọ tí ó ní ohun tí ó fẹ́ sọ sì ń wo ojú àwọn méjèèjì.

Bí àgbà bá wí fún yín, nígbà náà, pé "Bí a ti í ṣe é nìyí," ẹ má ṣe gbé e mì bí òkèlè, ẹ má sì ṣe yínmú sí i. Ẹ bi ìlànà náà léèrè pé, iṣẹ́ wo ni ìwọ ń ṣe, ta ni o sì ń ṣe é fún? Irinṣẹ́ ni ìwà àtijọ́, bí ọkọ́ àti àdá, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀ bóyá ọkọ́ kan tó jù nù títí yóò fi mọ irú ilẹ̀ tí a ń fi í ro.

Abọ́ Kan, Ọwọ́ Mẹ́fà

Òwe àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ẹ wo bí ó ti rí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí a gbé àmàlà gbígbóná kalẹ̀ nínú abọ́ ńlá kan, tí ọbẹ̀ ilá ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí bàbá àti ọmọ márùn-ún sì yí i ká lórí ẹní. Igbá omi yóò yí ká; ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń jẹun, nítorí pé ti òsì ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe lẹ́yìnkùlé, tí a kì í dárúkọ nídìí oúnjẹ. Olúkúlùkù ń bu òkèlè níwájú ara rẹ̀, kì í na ọwọ́ kọjá sí iwájú ẹlòmíràn. Òkèlè kò gbọdọ̀ ju ẹnu lọ. A kì í fi ẹnu tí ó kún sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kéré jù ni ó ń di etí abọ́ mú kí ó má baà yí. Ẹran ń bẹ nínú ọbẹ̀, gbogbo ojú ni ó sì ń rí i, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tí ó kàn án títí bàbá yóò fi mú un pín.

Ẹni tí ó bá ń wò wọ́n láti òkèèrè lè sọ pé nítorí àgbà ni a ṣe gbé òfin yìí kalẹ̀, kí ó lè rí ẹran tí ó tóbi jù jẹ. Irọ́ ni. Ọwọ́ mẹ́fà nínú abọ́ kan: bí ọ̀kan bá dọ̀tí, inú mẹ́fà ni yóò run, bí ọ̀kan bá ń sáré bu òkèlè gìrìwò, ẹni tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni ebi yóò sùn mọ́ nínú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá ni òfin náà ń gbè lẹ́yìn. Ó sì de àgbà fúnra rẹ̀, nítorí pé òwe kan wà tí ó gbóná ju èyí tí a pa fún ọmọdé lọ, èyí tí ó wí pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ dé ilé. Àgbà tí ó mọ ìwà kì í jẹun tí abọ́ yóò fi dán. Yóò dìde nígbà tí òkèlè mélòó kan ṣì kù, yóò ní òun ti yó, bí kò tilẹ̀ yó, àwọn ọmọ yóò sì jẹ ìyókù tayọ̀tayọ̀. Bí ẹrù bá wá wúwo lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì lójú ọ̀nà oko, kì í wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Abọ́ kan náà ti di nǹkan àná ní ọ̀pọ̀ ilé. Àwo ti di ti olúkúlùkù, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìka. Bóyá àdánù ni, bóyá èrè ni, n kò ní jiyàn lé e lórí níhìn-ín. Ṣùgbọ́n àjẹìwẹ̀yìn kò tí ì kúrò láyé. Ọ̀gá tí ó gba gbogbo ìyìn iṣẹ́ tí ọmọ abẹ́ rẹ̀ mẹ́rin fi òru ṣe, àjẹìwẹ̀yìn ni ó jẹ. Alága ẹgbẹ́ tí ó fi gbogbo àǹfààní yan àwọn ẹbí tirẹ̀, òun náà kò fi nǹkan sílẹ̀ nínú abọ́. Ẹ sì lọ sí òde ìnáwó ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, kí ẹ wo àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wọ aṣọ olówó ńlá, tí wọ́n ń di ẹran àti móínmóín sínú ọ̀rá kí oúnjẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onílù tí ó ti ń kì wọ́n láti àárọ̀. Ẹ ó mọ̀ pé kò tí ì yẹ kí a máa tijú láti kọ́ni ní ìwà oúnjẹ.

Ẹ Kú, àti Ohun Tí Ó Tẹ̀lé E

Ní Freetown ní Sàró, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Yorùbá pọ̀, wọ́n sì ń kí ara wọn lemọ́lemọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi sọ wọ́n ní "Àkú." Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó sọ gbogbo ènìyàn kan lórúkọ. Ohun tí ó jẹ́ kí ìkíni yìí yàtọ̀ ni pé "ẹ kú" kò lè dá dúró. Nǹkan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, ẹni tí ń kí ni kò sì lè mọ ohun tí yóò fi tẹ̀lé e bí kò bá kọ́kọ́ wo ẹni tí ó ń kí. Ṣé ó jókòó ni? Ẹ kú ìjókòó. Ṣé òjò pa á ni? Ẹ kú òjò. Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú tán ni? Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọmọ tí a fi èyí tọ́ dàgbà ti ń kọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ta bí a ti í ka ojú ènìyàn kí a tó la ẹnu, ẹ̀kọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń san owó gọbọi lónìí kí a lè fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ pàápàá ní ìkíni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá aláró nídìí ìkòkò aró yóò ní, "Àredú o," kí aró náà lè dú dáadáa. Ọdẹ ni a ń kí ní "Àrìnpa o". Onídìrí tí ó la irun ọmọge sí méjì ni a ń kí ní "Ojú gbooro o," kí ojú ìpín náà lè tọ́. Ẹni tí ó mọ ìkíni yìí ti fi hàn pé òun mọ ohun tí ó ṣòro nínú iṣẹ́ ẹni tí òun ń kí. Ní ti ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀ di alẹ́, n kò tí ì gbọ́ kíkí kan tí ó kọjá "ẹ kú iṣẹ́," ó sì dùn mí díẹ̀.

Àgbà kan lè dọ̀bálẹ̀ kí ọba, ọmọbìnrin lè kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ara kò sì ní kan ara. Èyí kò jọ nǹkan lójú wa títí di oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, tí bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ di ohun ẹ̀rù. Ní àkókò náà, mo rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn bí àgbò, nígbà tí àwọn ìyá arúgbó ń kúnlẹ̀ kí ara wọn láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kí ara wọn tẹ́rùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Kò pé ọdún mẹ́fà tí àrùn kòrónà fi tún dé, tí a tún kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Kí n má gbàgbé ọpẹ́. Yorùbá kì í dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí a ṣe lóore yóò dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò tún padà wá, yóò ní, "A dúpẹ́ àná o." Ọpẹ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti ayọ̀ tàbí ti ìtìjú, ti ọjọ́ kejì ni ó ń fi hàn pé oore náà bá ni sùn, ó sì bá ni jí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wí pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Ọ̀dọ́ tí ẹnìkan bá kọ ìwé ẹ̀rí fún kí ó lè rí iṣẹ́, tí ó fi "ẹ ṣé" kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́, yálà ó rí iṣẹ́ náà tàbí kò rí i, irú rẹ̀ pọ̀ lónìí. Èmi fúnra mi ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo sì tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ìwé náà jẹ́.

Tótó, Ó Ṣe Bí Òwe

Bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe lójú àgbà, yóò kọ́kọ́ túúbá: "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà." Àwọn àgbà yóò sì súre fún un pé yóò rí òmíràn pa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ìforíbalẹ̀ lásán, tí ó yẹ kí a ti pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ ń jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ kì í ṣe ti òun, pé òun bá a nílẹ̀ ni, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ jù ú lọ láti wí pé, "Rárá o, ibi tí a ti ń pa òwe yẹn kọ́ nìyí." Láàárín gbólóhùn kan, ó ti sọ orísun ọ̀rọ̀, ó sì ti gba àtúnṣe.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014 kan náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn ká Nàìjíríà láàárín òru kan pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má baà mú un. Ìyá pe ọmọ, ọmọ pe àbúrò, pásítọ̀ pe ìjọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ènìyàn ti ń fi iyọ̀ pa ara wọn lára, àwọn kan sì bá ara wọn nílé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ kò sọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọn kò sì ní tótó. Àwa tí ń gba ìròyìn ọgọ́rùn-ún lórí WhatsApp lójúmọ́ nílò ìtúúbá yìí ju ọmọdé ìgbà àwọn baba wa lọ, ẹni tí kò gbọ́ ju òwe mẹ́ta lọ láàárín ọjọ́ kan.

Ìwé Kékeré Tí Franklin Ń Kó Kiri

Títí di ibí, ìwà sí ẹlòmíràn ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn àtijọ́ mìíràn wà tí ó ń kọ́ ènìyàn bí yóò ti tún ara rẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ dùn ún sọ ju Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà lọ, ẹni tí a bí ní Boston ní ọdún 1706. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó pinnu pé òun yóò di ẹni tí kò ní àbùkù. Ó ka ìwà 12 sílẹ̀, lára wọn ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ètò, ìṣọ́wóná, aápọn àti òdodo; ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá fi yé e pé agbéraga ni àwọn ènìyàn kà á sí, ó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ kún un, ó di 13. Ó ya ìlà sínú ìwé kékeré kan: ọjọ́ méje lọ sí ìbú, ìwà 13 lọ sí ìsàlẹ̀. Lálaalẹ́ ni ó ń fi àmì dúdú sí ibi tí ó ti ṣìṣe, ó sì ń fi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣọ́ ìwà kan gidigidi, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń yí wọn ká nígbà mẹ́rin lọ́dún. Ó há àmì nù lórí ìwé títí ìwé fi lu, ni ó bá gbé ìlà náà sórí pátákó eyín erin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó lè fi kànìnkànìn tútù nù.

Ètò ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Kò lè tò nǹkan sí àyè wọn, ó sì fi ara rẹ̀ wé ọkùnrin kan tí ó ra àáké lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, tí ó fẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ máa dán bí ẹnu rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní òun yóò pọ́n ọn bí ọkùnrin náà bá lè máa yí ọlọ, ọkùnrin náà yí i yí i, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun fẹ́ràn àáké tí ó ní àmì-tótòtó. Mo fẹ́ràn Franklin nítorí àáké yìí ju nítorí gbogbo ìwà 13 náà lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọkùnrin kan náà ní ẹrú nínú ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó di pé ní ọdún 1787 ó jókòó gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ẹgbẹ́ tí ń jà fún òmìnira ẹrú ní Pennsylvania. Òdodo wà nínú ìwé kékeré náà, ìlà rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àmì dúdú tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò sí. Ẹni tí ó bá dá nìkan ṣe adájọ́ ara rẹ̀ yóò rí gbogbo èèrí àyàfi èyí tí gbogbo ará àdúgbò rẹ̀ jọ ń wọ̀.

Ní ọdún 1859 ni Samuel Smiles, ará Scotland, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ríran ara ẹni lọ́wọ́ jáde, ọdún kan náà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá *Ìwé Ìròyìn* sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú Lísàbi. Àwọn tí kò ka ìwé Smiles rò pé ẹni tí ó dá wà ni ó ń yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ bá àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kan sọ ní Leeds ni ìwé náà ti hù, àwọn tí wọ́n kó ara wọn jọ lálaalẹ́ láti máa kọ́ ara wọn níwèé. Èyí kò ṣàjèjì sí wa, àwa tí a mọ àárò, tí ọ̀dọ́ márùn-ún ń ro oko ẹnìkan lónìí, ti èkejì lọ́la, tí a sì mọ èésú, níbi tí owó kékeré ti ń di owó ilé.

Èyí Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ti Tán

Kì í ṣe gbogbo ọkọ́ ni ó yẹ ní fífi pamọ́ sí àjà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ń jẹ ẹyin, yóò di olè. Bóyá nítorí kí adìẹ lè pọ̀ ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí kí ọmọ má baà fẹ́ràn ohun tí apá ilé kò ká; èyí ó wù ó jẹ́, ẹyin jẹ́ ọ̀kan nínú oúnjẹ tí ń mú ara ọmọ le, ìmọ̀ràn náà sì ti pa ọmọ lára tó. Kí a fún ọmọ ní ẹyin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọwọ́ òsì: kí a má fi í mú nǹkan fún àgbà, mo gbà, ìbọ̀wọ̀ ni; ṣùgbọ́n ọmọ tí Ẹlẹ́dàá dá ní ọlọ́wọ́ òsì, kí a máa na án nítorí pé òsì ni ó fi ń kọ̀wé, ìkà ni, kò sì ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ìdákẹ́ ọmọdé. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, kì í sì í wo àgbà lójú. Ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: ó jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ju bí ó ti ń sọ lọ, ó sì jẹ́ kí ìpàdé ẹbí ní ètò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí kò ní àgò láti inú ni, nítorí pé ọmọ tí àgbà ń fìyà jẹ ní ìkọ̀kọ̀, tàbí tí olùkọ́ ń fọwọ́ kàn níbi tí kò yẹ, kò rí ọ̀nà tí yóò fi sọ ọ́ láìdà bí aláfojúdi. Àwọn baba wa mọ̀ pé ibẹ̀ ṣófo, wọ́n sì ti pa òwe mìíràn tì í pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lójú tèmi, nígbà tí òwe méjèèjì bá kọlu ara wọn, ti Ifẹ̀ ni kí ó borí, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń kọ́ ọmọ ní ìdákẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà ní orúkọ àgbà kan tí ó lè sọ ohun gbogbo fún, nígbàkígbà.

Iṣẹ́ Àṣetiléwá

Ẹ ya ìlà bíi ti Franklin sínú ìwé yín, ṣùgbọ́n kí ẹ má kọ ìwà 13 tirẹ̀ sí i. Ẹ lọ bá ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ní ilé yín, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bèèrè òfin ìwà márùn-ún tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. Bí wọn kò bá mọ ìdí ọ̀kan, ẹ kọ èyí náà sílẹ̀. Ẹ tẹ̀lé àwọn òfin náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ sì ronú ìkíni kan fún ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, èyí tí yóò sọ ohun tí ó ṣòro nínú iṣẹ́ rẹ̀ bí "Àredú o" ti ń sọ ti aláró. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, a ó jọ yan èyí tí ó dára jù, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.